Ikú Kejì Liamidi

Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ni Liamidi ti ń bí mi nínú. Mo fẹ́ kí ẹ mọ èyí kí n tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé nítorí ó ti kú ni mo ṣe fẹ́ máa kì í bí ẹni ń ki ọba. Ó máa ń pẹ́. Ẹran inú àwo mi ni ó máa ń jẹ kó tó jẹ tirẹ̀. Aránṣọ ni, aṣọ tí ó bá sì gbà fún ọdún Iléyá, ẹni tó ni ín á dúpẹ́ bí ó bá rí i wọ̀ lọ́dún Mọ́lúdì. Èmi ń tún aago ṣe lọ́jà Ouando, mo mọ ohun tí àsìkò jẹ́. Ẹ wá wo irú ẹni tí Ọlọ́run fi sí mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ fún ohun tó lé ní àádọ́ta ọdún.

Àgbàlá kan náà ni wọ́n ti tọ́ àwa méjèèjì dàgbà ní Àjàṣẹ́ yìí, tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo. Bàbá tèmi ń ta awọ. Bàbá tirẹ̀ jẹ́ àlejò láti Ìsẹ́yìn, ahunṣọ kan tí kì í sọ̀rọ̀, tí kì í bá ẹnikẹ́ni ṣeré, tí kì í sì í bá ẹnikẹ́ni jà. Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n sin ín. Lèmọ́mù wá, ààfáà kan wá, bàbá mi wá, èmi àti Liamidi sì tò sí ẹ̀yìn wọn. Kò sí ẹlòmíràn. Àwa ọmọdé méjì ni ìlà tó kẹ́yìn.

Bí ìrun ti ń lọ lọ́wọ́, Liamidi yí ojú padà ó ń wo ẹnu ọ̀nà. Mo fi ìgúnpá gún un pé kó kọjú síwájú. Nígbà tí a parí, ó bi mí pé, "Rachidou, ṣé òjò ni kò jẹ́ kí wọ́n wá?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ó ní, "Irọ́ lo ń pa. Wọn ò mọ̀ ọ́n ni."

Láti ọjọ́ náà ló ti pinnu pé gbogbo ayé ni yóò mọ òun. Kò ní owó, kò sì ní ìwé púpọ̀ lórí, nítorí náà ó fi yẹ̀yẹ́ ṣe é. Ó nílò ẹnì kan tí yóò máa bá a gbé irọ́ dúró, èmi ni ó sì mú, nítorí ojú mi. Ọlọ́run fún mi ní ojú kan tí kò mọ ẹ̀rín. Inú mi lè máa dùn gan-an, ẹ kò ní í rí i níbẹ̀. Liamidi ló sọ mí ní Jándámù, bí wọ́n ṣe ń pe ọlọ́pàá àwọn Faransé, orúkọ náà sì lẹ̀ mọ́ mi títí dòní. Lọ́jà Ouando, bí ẹ bá béèrè Rachidou, wọ́n á ní àwọn kò mọ̀ ọ́n. Ẹ béèrè Jándámù.

Nílé-ìwé, ẹni tó bá sọ Nàgó, èdè wa, dípò Faransé, wọ́n á so egungun màlúù kan mọ́ ọn lọ́rùn, á gbé e kiri títí a ó fi rí ẹlòmíràn mú. Lọ́jọ́ kan tí egungun náà kan Liamidi, ó tú u, ó lọ so ó mọ́ ewúrẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé wa lọ́rùn. Ọ̀gá kó gbogbo wa síta nínú oòrùn, ó ní ta ló ṣe irú èyí. Liamidi fi ẹsẹ̀ tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀. Mo dìde dúró ṣánṣán, mo ní, "Mẹ̀síyè, ewúrẹ́ náà sọ Nàgó. Etí mi báyìí ni mo fi gbọ́ ọ." Ọ̀gá wo ojú mi fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà, kí Ọlọ́run tó là á lójú, ó yíjú padà ó wo ewúrẹ́ náà.

Wọ́n nà wá débi pé a kò lè jókòó. Liamidi ń sunkún, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Mo lérí fún un pé n kò ní í bá a ṣe mọ́ láé, mo sì bá a ṣe òmíràn kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìyókù sílẹ̀, kí n sọ ti ọdún tó kọjá, nítorí òun ni ó dá gbogbo wàhálà yìí sílẹ̀. Ààwẹ̀ ku ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Liamidi wá bá mi ní ìsọ̀, ó ní òun fẹ́ kú. Mo bi í pé kí ló ń dá a dúró. Ó ní kì í ṣe ikú gidi, ti ọ̀sán kan péré ni. Òun fẹ́ wo àwọn tí yóò wá. Inú bí mi. Mo sọ fún un pé a kì í fi ikú ṣeré. Ó ní, "Èmi ò fi ikú ṣeré o. Ẹni tó fẹ́ kó lọ sí ilé tuntun, ṣé kò ní í kọ́kọ́ lọ wò ó ni?"

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe lọ bá Aziz, ládàánì mọ́ṣáláṣí wa, tí mo ní Liamidi ti kú. Aziz wo ojú mi, kò béèrè ẹ̀rí. Ó bọ́ sí ìdí ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó kéde rẹ̀ fún gbogbo àdúgbò. Adizatou, ìyàwó Liamidi, fi àlùbọ́sà pa ojú, ó ń ké ní ìyẹ̀wù. A di ìdì aṣọ kan sínú aṣọ funfun, a tẹ́ ẹ sórí pátákó níwájú mọ́ṣáláṣí. Àwọn èèyàn tú jáde láti Ouando, láti Adjarra, àní láti Avrankou, àwọn tó rán aṣọ fún àti àwọn tí kò tíì rán tiwọn tán.

Liamidi fúnra rẹ̀ fi láwàní bo ojú, ó dúró láàárín wọn. Ó bi ọkùnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé ta ló kú. Ọkùnrin náà ní Liamidi aránṣọ ni. Liamidi ní, "Ó mà ṣe o! Ṣé èèyàn rere ni?" Ọkùnrin náà ní, "Èèyàn rere ni, ṣùgbọ́n ṣòkòtò mi wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti ọdún méjì." Ẹ̀rín gbé Liamidi. Kí Lèmọ́mù tó gbé ọwọ́ sókè, ó ti ń yí nílẹ̀, láwàní tú, gbogbo èèyàn sì rí òkú tí wọ́n wá kírun sí lára. Àwọn kan sá lọ. Àwọn kan fẹ́ lù ú. Lèmọ́mù kò bá àwa méjèèjì sọ̀rọ̀ títí ààwẹ̀ fi parí.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, a jókòó sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Mo rò pé yóò máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Rachidou, o rí wọn? Wọ́n kún dé ojú títì." Omi wà lójú rẹ̀. Ó di ọwọ́ mi mú. "Tó bá di ti òótọ́, ìwọ ni kí o pè wọ́n. Má jẹ́ kí wọ́n sin mí bí wọ́n ṣe sin bàbá mi." Mo ní kó fi mí lọ́rùn sílẹ̀. Ó ní àfi kí n ṣèlérí. Mo ṣèlérí, kó lè jẹ́ kí n sinmi.

Ní oṣù tó kọjá, lọ́jọ́ Ọjọ́rú kan, ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán nígbà tí Adizatou pè mí lórí pọ́tábù. Orúkọ ọmọ mi ló fi máa ń pè mí. Ó ní, "Bàbá Samia, ẹ máa bọ̀. Bàbá wọn ò dìde lórí ìrun."

Mo bá a lórí ẹní ìrun, ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ní, "Ìwọ tún ti bẹ̀rẹ̀." Kò dáhùn. Mo ní, "Liamidi, mo ní aago ẹni ẹlẹ́ni nílẹ̀ tí mo fẹ́ tún ṣe. Dìde." Adizatou ń sunkún ní igun ilé. Mo wo ojú rẹ̀ bóyá n ó rí àlùbọ́sà.

Láti kékeré, Liamidi kò lè gbà kí ènìyàn fọwọ́ kan àtẹ́lẹsẹ̀ òun. Bí mo bá fẹ́ gba ohun kan lọ́wọ́ rẹ̀, ibẹ̀ ni mo máa ń lọ. Mo kúnlẹ̀ nídìí rẹ̀, mo fi èékánná ha á ní àtẹ́lẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ náà tutù, kò fà á sẹ́yìn. Mo tún ha á. Mo yí sí èkejì, mo ha òun náà.

Adizatou ní, "Bàbá Samia, ó tó."

Èmi àti ààfáà kan la wẹ̀ ẹ́. Mo ti rí ara yẹn ní odò, lábẹ́ òjò, nígbà tí a kò ní ju ṣòkòtò kan lọ láàárín àwa méjèèjì, n kò sì mọ̀ pé ó ti rù tó báyìí. Ó ti ń bo ara mọ́lẹ̀ nínú agbádá láti ìgbà wo? Ó lè fi ohun gbogbo ṣe yẹ̀yẹ́ fún mi, kò sọ fún mi pé ara òun kò yá. Inú bí mi sí i, omi ojú mi sì ń kán sí i láyà. Ààfáà sọ fún mi jẹ́jẹ́ pé kí n nu ojú mi.

Lèmọ́mù ní lẹ́yìn ìrun Àsárì ni a ó sin ín. Aziz wá, ó fi ojú ara rẹ̀ rí òkú, ó sunkún, ó sì bọ́ sí ìdí gbohùngbohùn. Ó kéde rẹ̀. Mo jókòó sí ẹnu ọ̀nà, mo ń retí èèyàn. Ohun tí mo gbọ́ láti òdìkejì títì ni ẹ̀rín. Obìnrin kan pariwo sí ẹnìkejì rẹ̀ pé, "Ẹ gbọ́ o! Liamidi tún ti kú!" Inú wọn dùn débi pé wọ́n ń pàtẹ́wọ́.

Mo fi ohùn mi ránṣẹ́ lórí WhatsApp sí gbogbo ẹni tí mo mọ̀. Àwọn àwòrán ojú kéékèèké tó ń rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú wọn ni wọ́n fi dá mi lóhùn, ìlà lórí ìlà. Ẹnì kan kọ ọ́ pé, "Ẹ sọ fún un pé kó kọ́kọ́ parí bùbá mi." Àwọn kan pe Adizatou. Wọ́n gbọ́ ẹkún rẹ̀, wọ́n ní, "Ìyàwó, ẹ rọra lo àlùbọ́sà o, ó ti wọ́n." Ó pa pọ́tábù náà, ó gbé e dojú bolẹ̀ lórí ẹní. Àwọn ọmọ wọn méjèèjì nìkan ló gbàgbọ́, wọ́n sì wà ní Gàbọ́ọ̀nù, kò sí bí wọ́n ṣe lè dé.

Nígbà tí a kírun Àílà tán, àwọn bàbá arúgbó tó máa ń wà ní mọ́ṣáláṣí lójoojúmọ́ ni mo rí, àwọn tí wọn kò ní ibòmíràn tí wọ́n ń lọ. Lèmọ́mù fọwọ́ kàn mí léjìká. Ó ní, "Rachidou, fọkàn balẹ̀. Ìwọ̀nba yìí tó kírun sí òkú lára." Lójú ẹ̀sìn, ó tó. Lójú Liamidi, kò tó. Mo rántí ìlérí tí mo ṣe, mo bọ́ sí ojú títì, mo gba Ouando lọ.

Naïmath ni mo kọ́kọ́ bá. Àkàrà ló ń dín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí àwọn zémidjan, àwọn tó ń fi alùpùpù gbé èrò, máa ń dúró sí. Akim, olórí wọn, jókòó sórí alùpùpù rẹ̀, ó ń jẹ àkàrà. Mo dúró níwájú wọn.

Mo ní, "Naïmath, Liamidi ti kú."

Ó gbé ọwọ́ sí ìbàdí. "Ó tún kú? Lọ́dọọdún ni yóò máa kú ni?"

"Mo fi Ọlọ́run búra. Èmi ni mo wẹ̀ ẹ́."

Akim na ìka sí mi lójú. Ó ní, "Ẹ wo ojú yẹn! Ẹ̀yin èèyàn, ẹ wá wò ó. Ojú yẹn gan-an ni wọ́n fi mú wa lọ́dún tó kọjá!" Àwọn tó kù yí mi ká, wọ́n ń wò mí bí ẹni ń wo ọ̀bọ tó wọ fìlà.

Bí mo ti ń búra tó ni ẹ̀rín ń le sí i. Wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn. Akim ní ìgbà tí òun fẹ́ gbéyàwó, tí òun lọ wọn aṣọ, Liamidi sọ fún òun pé òfin ẹgbẹ́ aránṣọ ni pé kí ọkọ ìyàwó fi ẹsẹ̀ kan dúró bí wọ́n bá ń wọ̀n ọ́n. "Bàbá Jándámù wà níbẹ̀, wọ́n mi orí, wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni òfin wí. Mo fi ẹsẹ̀ kan dúró lójú gbogbo ọjà bí lékeléke, ọkùnrin yẹn sì lọ jẹun, ó padà wá bá mi níbẹ̀!"

Naïmath ní tòun kò ṣe é gbàgbé. Ọjọ́ kan tí òjò ba ọjà jẹ́, tí òun ti dín àkàrà kún agbọ̀n tí ẹnikẹ́ni kò rà á, Liamidi wá pẹ̀lú kóòtù òyìnbó lọ́rùn, táì gùn dé ìdodo, èmi ń tẹ̀lé e bí ẹ̀ṣọ́. Ó ní òun ni mínísírì fún ọ̀rọ̀ àkàrà. Ó sọ Faransé gígùn kan tí kò ní ìtumọ̀, ó ra gbogbo agbọ̀n náà, ó sì ń pín in kiri ọjà títí ilẹ̀ fi ṣú. "Mo rẹ́rìn-ín, mo sunkún," Naïmath ní. "Ẹ sọ fún un pé bí ó bá kú, màá pa á."

Mo dúró láàárín wọn bí igi. N kò tíì gbọ́ kí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ òkú dáadáa tó bẹ́ẹ̀ rí. Ìfẹ́ ni gbogbo rẹ̀, òun ni kò sì jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ohun tí mo ń sọ. Ó ń ṣe mí bí ẹni pé kí n da epo àkàrà náà nù, kí n fọ́ nǹkan. Mo wo ojú ọ̀run. Oòrùn ti ń yẹ̀ kúrò lágbede méjì, Àsárì ti ń bọ̀.

Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé òótọ́ kò ní í gbé ẹnikẹ́ni kúrò níbi tó jókòó sí. Bí mo bá ní ó ti kú, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín níhìn-ín títí a ó fi bo yẹ̀pẹ̀ mọ́ ọn. Ojú mi ni wọn kò gbàgbọ́. Àfi kí n wá òmíràn fún wọn.

Mo rẹ́rìn-ín. Ó kọ́kọ́ jáde bí ikọ́, ó há mi lọ́fun, mo tì í. Mo ya ẹnu, mo fi eyín hàn, mo sì fi ọwọ́ gbá itan bí mo ti ń rí i tí Liamidi ń ṣe. Ẹ̀rín náà ń jáde lẹ́nu mi, ọkàn mi sì wà lórí pátákó níwájú mọ́ṣáláṣí. Akim gbàgbé àkàrà ọwọ́ rẹ̀.

Naïmath ni ohùn rẹ̀ kọ́kọ́ jáde. "Ó rẹ́rìn-ín! Jándámù rẹ́rìn-ín o!"

"Ó tó, ẹ ti mú mi," mo ní. "Ó wà láàyè. Ó jókòó sílé, ó ń mu kafé. Lẹ́yìn Àsárì ló fẹ́ lọ dùbúlẹ̀ sórí pátákó fúnra rẹ̀, pé bí Lèmọ́mù bá ti gbé ọwọ́ sókè, òun á dìde jókòó. Irọ́ rẹ̀ ti sú mi. Ẹ jẹ́ ká lọ ká a mọ́ ibẹ̀. Ẹ pe gbogbo èèyàn."

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ má bi mí bóyá ó tọ́. Èmi àti Ọlọ́run ni a ó sọ ìyẹn.

Ọ̀rọ̀ náà fò bí iná inú ọyẹ́. Akim pàṣẹ, àwọn zémidjan sì tú ká, àwọn kan sí Adjarra, àwọn kan sí Avrankou. Àwọn oníṣòwò ń bo ọjà wọn. Naïmath gbé epo kúrò lórí iná, ó ní omi tútù ni òun yóò dà lé e lórí, kí àwọn wo bí òkú ṣe ń sáré. Ẹlòmíràn gbọ́ ọ, òun náà lọ pọn omi. Akim gbé mi sẹ́yìn alùpùpù rẹ̀, ó ń kọrin lọ. Mo gbé orí lé e lẹ́yìn, gbogbo ara mi ń gbọ̀n. Ó rò pé ẹ̀rín ni. Ó pariwo sókè pé, "Ẹ rẹ́rìn-ín, Bàbá Jándámù, ó ti pẹ́ tí ẹ ti jẹ wá ní gbèsè rẹ̀!"

A kírun Àsárì tán nígbà tí ariwo wọn dé. Wọ́n ń bọ̀ láti orí títì pẹ̀lú garawa àti agbada omi, àwọn kan ń lu agolo, àwọn kan gbé pọ́tábù sókè láti ya fídíò. N kò mọ̀ pé èèyàn pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ní ìlú yìí. Wọ́n kún àgbàlá mọ́ṣáláṣí, wọ́n kún ẹnu ọ̀nà, wọ́n dí títì pa. Òkú wà lórí pátákó, ó wà nínú aṣọ funfun. Lèmọ́mù gbé ọwọ́ sókè kí wọ́n dákẹ́, ìyẹn gan-an tún pa wọ́n lẹ́rìn-ín, wọ́n ní ó ti tó àkókò.

Naïmath já wọ iwájú pẹ̀lú garawa rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dìde o. Omi ń bọ̀ o." Ó fọwọ́ gbá a léjìká bí ẹni ń jí ènìyàn. Ọwọ́ rẹ̀ dúró síbẹ̀. Kò gbé e kúrò fún ìgbà díẹ̀.

Ó gbé garawa náà sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kò jẹ́ kí omi kán. Ó yíjú sí mi. Àwọn tó wà níwájú rí ojú rẹ̀, wọ́n panu mọ́. Àwọn tó wà láàárín ń bi wọ́n pé kí ló dé. Lórí títì, wọ́n ṣì ń lu agolo, wọ́n ṣì ń kígbe pé kí Liamidi dìde, títí ìdákẹ́jẹ́ náà fi dé ọ̀dọ̀ tiwọn. Ìgbà náà ni Naïmath ké.

Akim di ẹ̀wù mi mú lọ́rùn. "Ẹ ní ó wà láàyè! Ẹ̀yin fúnra yín lẹ ní ó wà láàyè!"

Mo ní, "Mo kọ́kọ́ sọ fún yín pé ó ti kú."

Ó fi mí sílẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ nínú yẹ̀pẹ̀, ọkùnrin tó tóbi tó bẹ́ẹ̀, ó fi ọwọ́ bo orí.

Lèmọ́mù wò mí, ó wo àwọn èèyàn, ó wo omi. Mo mọ̀ pé ó ti yé e. Mo rò pé yóò lé mi jáde. Ó ní, "Ẹni tí kò bá ní àlùwàlá, omi nìyí." Wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi omi tí wọ́n gbé wá dà lé Liamidi lórí fọ ọwọ́, fọ ojú, fọ ẹsẹ̀. Wọ́n ń gbé garawa láti ọwọ́ dé ọwọ́. Wọ́n tò. Ìlà kún àgbàlá, ó jáde sí títì, ọkọ̀ dúró, àwọn awakọ̀ kan sì sọ̀kalẹ̀ wá dara pọ̀ mọ́ wa. Nígbà tí Lèmọ́mù ní Ọlọ́run tóbi, ohùn àwọn tó wà lẹ́yìn pẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa.

A sin ín. Lórí ibojì, ẹnì kan sọ ọ̀rọ̀ ṣòkòtò ọlọ́dún méjì, àwọn èèyàn sì rẹ́rìn-ín pẹ̀lú omijé lójú. Kò sí ẹni tó bá mi jà mọ́. Wọ́n kàn ń yà fún mi ní ọ̀nà bí mo bá ń kọjá, èyí sì burú fún mi ju ìjà lọ.

Nígbà tí mo padà sílé rẹ̀, Adizatou jókòó lórí ẹní ní ìyẹ̀wù, ó ti bọ́ yẹtí àti ẹ̀gbà ọrùn rẹ̀. Àwọn obìnrin tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ rí mi, wọ́n jáde sí àgbàlá.

Ó ní, "Bàbá Samia, ṣé wọ́n wá?"

"Wọ́n wá, ìyàwó wa."

"Wọ́n pọ̀?"

"Wọ́n dí títì pa. Wọ́n pọ̀ ju ti ọdún tó kọjá lọ."

Ó mi orí. Inú rẹ̀ dùn, mo rí i, ó sì rẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Gbogbo wọn ni wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lórí pọ́tábù láàárọ̀. Báwo lẹ ṣe mú wọn wá?"

N kò fẹ́ sọ ọ́. Mo wo ilẹ̀. Mo ní, "Mo sọ fún wọn pé ó wà láàyè."

Ó yí ojú kúrò lára mi. Mo rò pé inú ti bí i, mo sì ti ń wá ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀. Ó fa ìborùn rẹ̀ mọ́ra.

Ó ní, "Ẹ sọ ọ́ fún èmi náà."

Mo jókòó sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Mo wá ẹ̀rín ti ọ̀sán sí ojú mi, kò wá. Mo ní, "Ó wà láàyè, ìyàwó wa. Ó ń mu kafé."

Ó ní kí n tún un sọ.